Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: FÍRÍGÒ TÓ KÚ, FÍRÍGÒ TÍ A FẸ́ RÀ

Lónìí, a ó kà nípa fírígò, ẹ̀rọ tí àwọn ìyá wa kan fi ń ta omi tútù.

Ká sọ pé fírígò ìyá kan ní Kétu kò mú omi tutù mọ́. Atúnṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní mọ́tò rẹ̀ ti jóná, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó béèrè 60.000 fráǹkì. Fírígò mìíràn tó dára jẹ́ 90.000 fráǹkì. Kí ni kí ìyá yìí ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìdajì 90.000 ni 45.000. Owó àtúnṣe ju ìdajì lọ, ẹ̀rọ náà sì ti gbó. Ẹni tó bá ná owó náà sí i ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Kó ra òmíràn.

Ẹ KA ARA Ẹ̀RỌ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Bébà pélébé kan máa ń wà lẹ́yìn fírígò tàbí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, àwọ̀ fírígò ló ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, bébà yìí ni kí ẹ wò.

1. Ẹ wá V. Iná SBEE jẹ́ 220 V. Tí ẹ bá rí 220 tàbí 230, ó dára. Tó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan, irú ti Amẹ́ríkà ni. Iná wa yóò jó o.

2. Ẹ wá R. R12 ni gáàsì inú fírígò àtijọ́. Ó ń ba ìbòrí ojú ọ̀run tó ń gbà wá lọ́wọ́ oró oòrùn jẹ́. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, láti jáwọ́ nínú irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di 2010, àwọn ilẹ̀ bíi tiwa náà ti gbọ́dọ̀ jáwọ́. Tí gáàsì yìí bá jò tán, níbo lẹ ó ti rí òmíràn? Ẹ má rà á.

3. Ẹ wá kWh. Ó ń sọ iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Tí ọ̀kan bá ń jẹ 2 lójúmọ́, tí èkejì ń jẹ 1, ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 60 àti 30. Èyí tó pọ́ọ́kú lọ́jà lè wọ́n nílé.

TÓ BÁ JẸ́ ÀLÒKÙ

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ẹ fi bébà há ẹnu ìlẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ìlẹ̀kùn ti bàjẹ́, òtútù yóò máa jáde. Tí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ láti Kútọnu, ẹ gbé e nàró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tàn án.

Tí ẹ bá rà á ní Nàìjíríà, orí wáyà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta. Tiwa ní ẹsẹ̀ roboto. Ẹ má bó wáyà kì bọ ojú iná, ó ń pani! Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó pààrọ̀ orí rẹ̀.

Ẹ gba ìwé owó. Kí ọjọ́, iye owó àti orúkọ ẹni tó tà á wà níbẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

ÒKÚ FÍRÍGÒ ŃKỌ́?

Ẹ yọ ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọdé lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, kí ìlẹ̀kùn pa dé, kó má rí èémí mí. Ẹ má gé páìpù rẹ̀, gáàsì wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ìyá yìí kò fi ní tún fírígò rẹ̀ ṣe?
2. Ẹ ka bébà ara ẹ̀rọ kan nílé yín. V mélòó lẹ rí?
3. Ẹ kọ ìwé owó fún fírígò 90.000 fráǹkì.