Bí Férémù Onígi Ṣe Ń Dán Bíi Dígí

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, àṣìṣe mi ló bí i.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe ìrántí ọdún kan ìyá àgbà mi, mo sọ fún màmá mi pé kí wọ́n má wulẹ̀ ra férémù fọ́tò, èmi fúnra mi máa kàn án. Mo kàn án lóòótọ́. Mo ra gúlọ́ọ̀sì dúdú, mo bu kẹrosíìnì sí i kó lè ṣàn, mo kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbé e síta mọ́jú. Oṣù Kọkànlá ni, ìrì ń sẹ̀ gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dà ti hunjọ bí ojú arúgbó, kò dán rárá, ẹ̀fọn méjì sì kú sí i lára. Màmá mi wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bùrọ̀dá pẹ́ńtà kan ládùúgbò wa ló là mí lọ́yẹ. Wọ́n ní ojú igi tó wà lábẹ́ ọ̀dà ló ń jẹ́ kó dán. Mo wá rántí físíìsì: ìmọ́lẹ̀ tó bá balẹ̀ sójú tó tẹ́jú pẹrẹsẹ á ta padà sọ́nà kan ṣoṣo. Tí ojú náà bá rí pálapàla, á fọ́n ká. Àbí ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń wojú nínú ògiri alámọ̀?

Igi arère ni mo lò. Ó rọ̀, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé. Wawa ni wọ́n ń pè é ní Gánà, obeche ní ọjà àgbáyé, wọ́n sì ń fi ṣe férémù lókè òkun pàápàá. Àmọ́ ó ní ihò wínníwínní tó ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ha ọ̀dà àkọ́kọ́ yẹn kúrò lẹ́yìn ilé ìwé. Sáńpépà 120 ló ṣáájú, 240 tẹ̀ lé e. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ló ń kúná sí. Ìlà ara igi ni kí ẹ máa tẹ̀ lé o, ẹ má ha á ní ìbú. Kí sáńpépà tó dé, ewé ìpín ni àwọn baba wa fi ń ha igi àti igbá, agbẹ́gilére kò sì wọ́n ní Abẹ́òkúta, ẹ sá mọ ilé Àdùgbọ́lógẹ. Mo já ewé náà, mo dán an wò. Ó ṣiṣẹ́! Ó kàn ń tètè ya ni.

Mo fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà dí àwọn ihò, mo tún un ha, mo fi àkísà tútù nu eruku. Ọ́ńdákóòtù ló kàn. Nígbà tó gbẹ di ọjọ́ kejì, mo fi sáńpépà 400 àti omi díẹ̀ ra á lójú.

Gúlọ́ọ̀sì wá kù. Atẹ́gùn ló ń mú ọ̀dà olóró yìí gbẹ, kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Òkè rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yi. Tó bá nípọn, abẹ́ á ṣì tutù, ojú á sì hunjọ. Kẹrosíìnì tún dá kún tèmi, torí kì í tètè gbẹ. Tápẹ́ntáìnì díẹ̀ ni mo lò lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo jìnnà síná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọjọ́ kan gbáko láàárín wọn. Yàrá ni mo ti ṣe é. Mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, mo sì fi páálí bò ó láìjẹ́ kó kàn án. Síbẹ̀ àbúrò mi fẹ́ gbálẹ̀ níbẹ̀! Mo pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo dúró kí n tó fi dígí sí i, kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ìrántí, àǹtí mi kan ń tún gèlè ṣe níwájú ìyá àgbà, wọ́n ní ṣé Ìtòkú la ti ra férémù yẹn ni. Màmá mi ní, "Ọmọ mi ló ṣe é." Ọ̀dà ṣàn díẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Wọn ò tíì rí i.