Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: FÍFI ÌSINMI ETÍ ÒKUN KỌ ÌTÀN AKỌNI FÚN ỌMỌDÉ

Ìtàn kíkọ ni ẹ̀kọ́ wa tòní. Púpọ̀ nínú yín ni àwọn òbí yín ti mú lọ sí Southend tàbí Margate nígbà ọlidé, ti ìrẹsì ti kúlà, tí wọ́n tẹ́ ẹní sórí iyanrìn. Bí olùkọ́ bá wá ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ ó kọ ọ́ pé, “A lọ sí etí òkun. Ó dùn gan-an. A padà sílé.” Ìyẹn ò tíì di ìtàn. Kí ló ń sọ ọ́ di ìtàn?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà. Enid Blyton ni, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1897, tó kú ní 1968. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ sinmi ní Swanage, létí òkun Dorset. Àwókù ilé olódi Corfe kò jìnnà síbẹ̀. Ní 1942, ìwé rẹ̀ Five on a Treasure Island jáde, èyí àkọ́kọ́ nínú ìwé 21 nípa ọmọ mẹ́rin àti ajá kan. Nínú rẹ̀, àwókù ilé olódi kan wà lórí erékùṣù kékeré. Àwọn tó mọ Dorset a máa nawọ́ sí Corfe. Blyton fúnra rẹ̀ sọ pé erékùṣù kan lẹ́bàá Jersey ló wà lọ́kàn òun. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ kíyè sí i pé Corfe ò sí nínú omi rárá. Orí òkè ló wà, ọmọ ogun Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló fọ́ ọ ní 1646. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá lè fẹsẹ̀ rìn débi ìṣúra nígbà tó bá wù ú, kí ni yóò bani lẹ́rù níbẹ̀? Ẹ mú ohun tí ẹ fojú rí, kí ẹ gbé e síbi tí yóò ti ṣòro dé.

Nítorí náà, ẹ mọ ìwà omi dáadáa. Òkun ń kún, ó sì ń fà. Láti ìgbà tó kún títí dìgbà tó tún kún, ó tó wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ìyẹn ni àkókò rẹ̀ fi ń yí lójoojúmọ́. Ní Southend, omi lè fà sẹ́yìn ju máìlì kan lọ. Ìdí nìyẹn tí afárá tí wọ́n kọ́ wọ inú òkun níbẹ̀ fi gùn ju máìlì kan, kí ọkọ̀ lè rí omi jíjìn gúnlẹ̀ sí. Ẹrẹ̀ ló máa ń kù, ọmọdé á sì rò pé òun lè máa rìn lọ títí. Àmọ́ bí omi bá ń padà bọ̀, kì í gba iwájú nìkan. A máa gba inú kòtò wọlé lẹ́yìn ẹni. Kí ẹni tó ń ṣa ìkarahun tó gbójú sókè, omi ti wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ẹ ò rí i? Kò sí olè, kò sí iwin, àyà wa sì ti ń já. (Inú ìwé nìkan o! Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ayé, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ béèrè Coastguard.)

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò da Blyton láàmú, tó sì kàn wá. Àwọn ọmọ inú ìwé rẹ̀ ń lọ sùn ní erékùṣù láìsí àgbà kankan. Nílé Yorùbá, ta ni yóò gbà fún ọmọ ọdún mẹ́wàá? Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà yín ò ní gbà á gbọ́. Níbi tiwa, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń rán ọmọ kúrò lójú àgbà, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tó ń dúró dè é nílé! Ẹ lo ìyẹn:

“Bọ̀dá Wálé, Mọ́mì ní ká má pẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká padà.”

“A ò ní pẹ́. Wo ọkọ̀ tó dorí kodò lọ́hùn-ún yẹn. Ká kàn lọ wò ó ná.”

Ẹ rí bí àbúrò ti ń fi “ẹ” bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, síbẹ̀ òun lọ́rọ̀ ọgbọ́n wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ aṣọ Yorùbá fún.

Ohun tí yóò kó wọn yọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn láti ojú ewé kìíní. Ká ní ìborùn pupa Mọ́mì ni wọ́n fi di ike omi tí wọ́n rán wọn lọ pọn. Ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọjá. Nígbà tó bá yá, òun náà ni Wálé yóò so mọ́ igi, tí yóò máa jù ú sókè kí apẹja lè rí wọn. Bí ẹ̀lìkópítà bá kàn ṣàdédé já lulẹ̀ wá gbé wọn, òǹkàwé á ní ẹ rẹ́ òun jẹ.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ẹ ya etí òkun tí ẹ lọ gbẹ̀yìn. Ẹ sàmì síbi tí àwọn àgbà jókòó sí, ibi tí omi wà nígbà tí ẹ dé, àti ibi tó wà nígbà tí ẹ ń lọ. Ẹ mú ohun kan kúrò nípò rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí omi lè yí i ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Yorùbá kọ ojú ewé kan péré, kí ẹ dúró níbi tí àwọn ọmọ náà ti wẹ̀yìn, tí wọ́n rí omi. Ẹ mú un wá sí kíláàsì tó ń bọ̀.