Ẹ Jáde Síta, Ṣùgbọ́n Ẹ Ṣọ́ra fún Omi Tútù

Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, àwọn ọmọ wa tó rí físà ilẹ̀ òyìnbó gbà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ní Muṣin, ní Sùúrùlérè àti ní Yábàá. Ìyá á ti wọn gàrí àti ẹ̀gúsí sínú ọ̀rá, wọ́n á ti ṣa kóòtù níbi bọ́síkọ̀rọ̀ ní Yábàá, bàbá á sì ti kìlọ̀ nípa owó, nípa ìwé àti nípa ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà bá wọn sọ ni bí èèyàn ṣe ń gbádùn ìta gbangba nílùú tó tutù: kí èèyàn rìn nínú páàkì, kó jókòó létí odò, kó yá oòrùn díẹ̀ nígbà tó bá yọ. Ìgbádùn tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ rí i jẹ, ẹ̀yin ọmọ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ padà wálé láyọ̀.

Ewu àkọ́kọ́ ni kí ẹ má jáde rárá. Kíláàsì láàárọ̀, iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tàbí níbi ìkẹ́rùsí, yàrá, oorun, ilẹ̀ mọ́, ó tún di bákan náà. Ní Èkó, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wákàtí 12, ì báà ṣe oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kejìlá. Ní London, tó bá di àárín oṣù Kejìlá, oòrùn á yọ ní nǹkan bí aago 8 àárọ̀, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ní Aberdeen, ọ̀sán ò tó wákàtí 7. Ẹni tó bá wọ ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, lè lo odindi ọ̀sẹ̀ láìfojú kan oòrùn. Oorun á dàrú, ìwé ò ní wọ orí mọ́, ìbànújẹ́ tí kò nídìí á wọlé. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n sí àìsàn. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì rò pé ayé ló ń ṣe yín.

Awọ dúdú wa tún ń dí ìtànṣán oòrùn lọ́nà, nítorí náà ó nílò oòrùn ju awọ funfun lọ kí ara tó lè ṣe fítámìn D tó ń mú eegun àti iṣan le. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn UK kò lágbára tó fún iṣẹ́ yẹn. NHS, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, gba àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà níyànjú pé kí wọ́n gbèrò láti máa lo fítámìn D ìwọ̀n máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, jálẹ̀ ọdún. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìlọ́po, àpọ̀jù rẹ̀ ń ba eegun àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ sì rántí pé wọ́n ti gba owó ìlera lọ́wọ́ yín pẹ̀lú físà, £776 lọ́dún kan. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé gan-an ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, kí ara tó dà yín láàmú.

Nítorí náà, ẹ máa jáde lọ́sàn-án. Ìṣẹ́jú 30 láàárín kíláàsì méjì dára ju kí ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹni tó dàgbà ní Muṣin, níbi tí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti dánfó ti jọ ń du títì kan náà, á rí koríko tó tẹ́ rẹrẹ ní Hampstead Heath tàbí Greenwich Park, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yín dání. Ẹ má sì dá nìkan lọ nígbà gbogbo. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá kan láyé àtijọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí àdánìkanwà ń fojú akẹ́kọ̀ọ́ rí. Wọ́n dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London ní 1925, wọ́n sì ṣí ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road ní 1933, nígbà tí ọ̀pọ̀ onílé kọ̀ láti gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní yunifásítì yín, kí ẹ jọ máa rìn.

Omi ni mo bẹ̀rù jù fún yín. Tó bá di oṣù Kẹfà tàbí Keje, ooru á mú, àwọn èèyàn á bọ́ṣọ, wọ́n á máa bẹ́ sínú odò àti adágún, á sì wu ẹ̀yin náà. Ẹ fara balẹ̀. Atẹ́gùn òkè lè gbóná tó ti Èkó kí omi ìsàlẹ̀ má tó ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ara tó mọ omi ọ̀sà wa nìkan ò tíì pàdé irú rẹ̀ rí. Bí èèyàn bá kó sínú rẹ̀ lójijì, á fa èémí kan sínú hàà, láìfẹ́; bí imú bá wà lábẹ́ omi nígbà yẹn, omi ló máa fà. Àyà á máa lù kìkìkì, apá á máa wúwo. Ẹni tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ dáadáa nílé ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ọ̀dọ́kùnrin Yorùbá kan, ẹni 20 ọdún, bẹ́ láti London Bridge sínú odò Thames láti gba obìnrin kan là. Wọ́n yọ obìnrin náà láàyè, ṣùgbọ́n odò gbé ọ̀dọ́kùnrin náà lọ. Akọni ni, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí ẹni tó ń rì, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ní UK, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ etíkun, ẹ ní Coastguard, àwọn aṣọ́ etíkun, lẹ fẹ́. Ní Faransé, Jámánì tàbí Ítálì, 112 ni. Ẹ wò yíká bóyá wọ́n so òrùka tó ń léfòó mọ́ etí omi, ẹ jù ú sí i, ẹ kígbe sí i pé kó dojú sókè, kó léfòó. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kó sómi, ẹ má bá omi jà. Ẹ fẹ̀yìn lé omi, ẹ jẹ́ kí etí rì díẹ̀, kí ẹ rọra mí. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, èémí á balẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ọ̀nà etí omi tàbí kí ẹ pe èèyàn.

Omi tó dì náà ń pani. Ọmọdékùnrin mẹ́rin ló kú ní Solihull, nítòsí Birmingham, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí yìnyín ojú adágún kan já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nítorí fọ́tò.

Bí ẹ bá fẹ́ sun ẹran níta, ẹ kọ́kọ́ ka pátákó ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ páàkì ò gba iná. Èédú tó kù, ẹ má gbé e wọ àgọ́ tàbí yàrá láti fi yáná. Gáàsì tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú l'Ékòó nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà ló ń jáde lára èédú, kò sì lóòórùn. Ẹ má sì ṣa olú inú igbó wọn jẹ, bó ti wù kí ẹ mọ olú oko tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní death cap jọ olú jíjẹ. Ó lè ju wákàtí 6 lọ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run èèyàn, ara á tún dà bíi pé ó ti yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́ lọ.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá ní inú páàkì lòun wà, ẹ má bi í pé ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe rán an lọ. Owó tí ẹ bá ń béèrè tó bá ṣeé sún síwájú, ẹ sún un, kó má bàa fi gbogbo ọ̀sán rẹ̀ wá a. Bí ẹ bá pè é lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bi í ìgbà tó jáde kẹ́yìn láìjẹ́ iṣẹ́, láìjẹ́ kíláàsì. Bó bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí kò fẹ́ jẹun, tí kò fẹ́ rí èèyàn, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì ní kó lọ rí GP rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wá ojúlùmọ̀ kan tó wà nítòsí tó lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an.