Ìyàwó Rẹ Ni Kí O Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ọ̀gá Oníṣẹ́-igi ti Ìbàdàn,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí àwòrán bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí o fi pẹ́ńsù yà sẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ dáa. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì ni mo ti dúró, níbi tí o ti sọ ọ́ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan pé: "Orí àpótí ìdáná ni ìyá ọmọ máa ń jókòó sí láti fún un lọ́yàn lóru, torí àga pálọ̀ ti jìn jù."

Àpótí ìdáná! Obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ọmọ tó wáyé, tí kò tíì pé oṣù kan, ló wà lórí àpótí tí kò ní ẹ̀yìn, tí kò ní apá, nínú ilé káfíńtà!

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣírò pákó. Ọmọ tuntun a máa mu ọyàn tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì wákàtí, wákàtí 4 sí 6 ni ìyàwó rẹ ń lò lórí àpótí yẹn lójúmọ́. Àpótí a máa ti orúnkún sókè, ikùn á ká pọ̀ lé ojú ọgbẹ́ abẹ. Ẹ̀yìn á tẹ̀ nítorí kò rí ohun tí yóò fara tì. Bó bá wá fẹ́ dìde, ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán yẹn náà ni yóò fi tiraka, ọmọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o má fowó ṣòfò lórí àga, pé ìyá yín bí ọmọ méje, kò sì béèrè àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bá mi bi í: ta ló ń wẹ ọmọ nígbà náà? Ta ló ń pọnmi, ta ló ń se ọbẹ̀, ta ló ń gba ọmọ lóru, tó ń pọ̀n ọ́n rìn ká ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìyá lè fojú kan oorun? Ìyá ọkọ ni, ìyàwó ilé ni, àwọn ọmọ àbúrò ni. Ìyá yín kò béèrè àga nítorí èèyàn ló yí i ká. Ìyàwó rẹ wà nínú yàrá kan àti pálọ̀, ìyá rẹ̀ sì ti padà sídìí ọjà rẹ̀ lẹ́yìn ìkómọ. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan péré, kí ó máa dìde gba ọmọ, ká wá gbọ́ ohun tí yóò sọ nípa àga láàárọ̀. Àwọn tí kì í jí lóru ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń rọrùn lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, gbé bẹ́ẹ̀dì tì ná. Mú téèpù rẹ, kí o wọn ìyá ọmọ. Láti gìgísẹ̀ rẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún ni gíga ìjókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹlẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kó jókòó, kí o wọ̀n ọ́n láti ìdí dé ìgbọ̀nwọ́: ibẹ̀ ni kí apá àga wà, torí apá àga ló yẹ kó gbé ọmọ, kì í ṣe èjìká rẹ̀. Kí ìjókòó má jìn ju itan rẹ̀ lọ. Ohun tó ba ti pálọ̀ yín jẹ́ nìyẹn. Kí ẹ̀yìn àga ga dé èjìká, kí ó dà sẹ́yìn díẹ̀. Kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò gba ife omi, tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ìnura. Òùngbẹ a máa gbẹ ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, kò sì sí ohun tó ń bíni nínú tó omi tí ọwọ́ kò tó nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ láyà ẹni. Àpótí yẹn náà, tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n má kan àga tó ń gbé èèyàn mì. Télọ̀ kan láti Òṣogbo ti kọ̀wé síbí rí. Àga tìmùtìmù ńlá ni ọkọ rẹ̀ rà fún un nígbà tó bímọ, ìfẹ́ ló fi rà á. Ó sùn lọ lórí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ọmọ wà láyà rẹ̀. Nígbà tó ta jí, ọmọ ti yọ̀ bọ́ sáàárín ìrọ̀rí àti apá àga, ó ti dojú bo fóòmù. Ọmọ náà ké, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwọn dókítà ọmọdé kì í fi bò: kí àgbà àti ìkókó sùn pọ̀ lórí àga wà lára ohun tó léwu jù lọ. Fóòmù tó le díẹ̀ ni kí o lò. Bí oorun bá sì ń gbé ìyàwó rẹ, ìwọ ni kí o dìde, kí o gba ọmọ, kí o jẹ́ kó gùnfẹ̀ léjìká rẹ, kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kò sí àga tó lè bá ọ ṣe ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀dì wá kù. Dídà tí o fẹ́ kó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ kí ọmọ má baà pọ̀ wàrà, yọ ọ́ kúrò. Orí ìkókó lè tẹ̀ sí àyà níbi tó bá dagun, kí ọ̀nà èémí dí. Ilé-iṣẹ́ Fisher-Price ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Rock 'n Play ni wọ́n pè é. Ìkókó tó lé ní 30 kú sínú rẹ̀ kí wọ́n tó kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7 kúrò nílẹ̀ lóṣù kẹrin 2019. Ní 2022, ìjọba ibẹ̀ fòfin de irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ àti tìmùtìmù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà èyí tí o yà sí tìrẹ, pa á rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí o yà ńkọ́? Láti 2011 ni wọn kò ti gbà kí wọ́n tà á níbẹ̀ mọ́. Ìdè rẹ̀ a máa já, ọmọ á há. Pákó ìsàlẹ̀ gan-an ni kí o ṣe ààyè méjì fún. Kí ó wà lókè báyìí tí ọmọ ṣì kéré, kí ìyá rẹ̀ má baà máa bẹ̀rẹ̀ wọlẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń gbìyànjú àtijókòó, tú nọ́ọ̀tì, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí àlàfo igi kan sí èkejì má tó sẹ̀ǹtímítà 6. Kí fóòmù le, kí ó kún dé igun. Kò sí ìrọ̀rí, ẹ̀yìn ni ọmọ yóò fi sùn. Má sì kun ọ̀dà tí o kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Eyín ń bọ̀, igi ni yóò kọ́kọ́ gé jẹ, òjé sì wà nínú ọ̀dà mìíràn. Fi sánpépà ha ọ̀gànwó rẹ dáadáa, ó tó.

Mo tún padà ka ìparí lẹ́tà rẹ. O ní agogo mẹ́ta òru ni o ń kọ ọ́, pé ọwọ́ òsì ni o fi gbé ọmọ. Mo rí ibi tí báírò ti yọ̀. Ó ti rẹ ìwọ náà, ọmọ mi, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni bi ọ́. Ayùn oníná kò mọ̀ pé o kò sùn. Jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ rẹ bá ọ gé pákó lọ́sẹ̀ yìí, kí ìwọ kàn máa wọ̀n, kí o máa sàmì. Àga ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn. Títí bẹ́ẹ̀dì yóò fi jáde, kí ọmọ máa sùn lórí fóòmù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kú ewu ọmọ, ìwọ àti ìyá rẹ̀.