Eyín Àkọ́hù Ọmọdé

Ó ti pẹ́ láàrin àwọn Yorùbá pé bí eyín ọmọdé bá yọ, ọmọ náà a jù ú sí orí òrùlé, a sì máa retí òmíràn. Nítorí pé òmíràn ń bọ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni kò ka eyín àkọ́hù sí. Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, wọn a ní, “Ṣebí yóò yọ náà ni!” Òótọ́ ni pé yóò yọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí a ti dá eyín yìí yóò mọ̀ pé ó ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí kí ó tó lọ.

Eyín àkọ́hù jẹ́ 20: 10 ní òkè, 10 ní ìsàlẹ̀. Àwọn 8 iwájú rí pẹlẹbẹ bí ẹnu ọkọ́. Àwọn ni a fi ń gé oúnjẹ. Àwọn 4 tí ó tẹ̀ lé wọn ní ẹnu ṣóńṣó. Àwọn ni a fi ń fa ẹran ya. Àwọn 8 tí ó wà lẹ́yìn fẹ̀ lórí. Àwọn ni ó ń lọ oúnjẹ kúnná. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni èyí àkọ́kọ́ sábà máa ń hù, ní iwájú ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá sì fi pé ọdún mẹ́ta, gbogbo wọn a ti hù tán.

Eyín àkọ́hù kéré ju ti àgbà lọ, ó sì funfun jù ú lọ. Ikùn rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ sì há bí ti akèrègbè. Ìpele òde rẹ̀ tí ó le kò nípọn ju bí ìdajì ti àgbà lọ. Ihò inú rẹ̀, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí ń jẹ́ kí a mọ ìrora wà, tóbi, ó sì súnmọ́ òde. Nítorí náà, bí kòkòrò bá dá ihò kékeré sí i, kì í pẹ́ dé inú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ a wú, kò ní lè jẹun, kò sì ní lè sùn.

Gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn ya sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì ní ìsàlẹ̀, mẹ́ta ní òkè, bí ìka ọwọ́ tí ó di ọsàn mú. Láàrin wọn ni eyín àgbà ti ń dàgbà. Bí ó ti ń gòkè bọ̀ ni gbòǹgbò eyín àkọ́hù ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tí ó yọ fúnra rẹ̀ fi dàbí ẹni pé kò ní gbòǹgbò rárá.

Eyín àkọ́hù tún ń di àyè mú. Bí ìyàwó ọlọ́jà kan bá kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹni tí yóò gbà á tó dé, àwọn aládùúgbò a tẹ́ ọjà wọn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ẹ̀gbẹ́ ṣe ń fì sí àyè èyí tí a tètè yọ. Nígbà tí eyín àgbà bá dé, a wọ́ síbi tí kò yẹ.

Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan a hù lẹ́yìn gbogbo ti ìṣáájú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Eyín kankan kì í yọ kí ó tó hù, ó sì jọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é ní eyín ọmọdé. Eyín àgbà ni; bí ó bá bàjẹ́, òmíràn kò ní hù mọ́.

Nítorí náà, láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ orí ni kí a ti máa fọ̀ ọ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ sùn pẹ̀lú ohun dídùn lẹ́nu. Bí a bá rí àmì dúdú tàbí ihò, kí a má ṣe dúró de ìrora. Láti Olódò, ọ̀nà Ìwó ni a ó gbà wọ Ìbàdàn, níbi tí àwọn oníṣègùn eyín ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì, UCH, tí a ṣí ní ọdún 1957. Eyín tí a tọ́jú dé ọjọ́ tí yóò yọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi àyè rere sílẹ̀ fún èyí tí ọmọ yóò lò títí di ogbó.