"Ẹ̀rù Bà Mí" Kì Í Ṣe "Kò Dára": Gírámà Awuyewuye lórí Fíìmù The Neon Demon

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n ṣàfihàn fíìmù kan ní àjọ̀dún fíìmù ìlú Cannes, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn òǹwòran kan hó lé e lórí, àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́ fún un. The Neon Demon ni orúkọ fíìmù náà. Nicolas Winding Refn, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló darí rẹ̀. Irú èyí kò ṣàjèjì sí Refn. Ní ọdún 2011, Cannes yìí kan náà ló ti gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù lọ fún Drive. Ní ọdún 2013, wọ́n hó lé Only God Forgives lórí níbẹ̀. Títí di òní, bí ènìyàn bá bá àwọn tó wo The Neon Demon sọ̀rọ̀, yóò rí i pé àwọn tó wà ní àárín kò pọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ló kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ fíìmù abanilẹ́rù. Ó kàn wá nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo awuyewuye náà. Àwa mẹ́rin la jọ wo fíìmù náà lórí kọ̀ǹpútà kan. Nígbà tó parí, ẹni kìíní sọ pé, "Ẹ̀rù bà mí." Ẹni kejì ní, "Ó rí mi lára." Ẹni kẹta ní, "Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kò nítumọ̀." Èmi ní tèmi sọ pé, "Ó sú mi." A bá ara wa jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì ni mo kọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé, mo sì ń tú wọn palẹ̀ bí àwọn olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sí èyí tó tako èkejì nínú wọn. A jiyàn fún wákàtí méjì lórí ohun tí kò sí.

Ohun tí mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí sọ nìyẹn: gbólóhùn ìmọ̀lára yàtọ̀ sí gbólóhùn ìdájọ́, gírámà Yorùbá sì fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Bí a bá fò láti orí ọ̀kan sí èkejì láìsọ ìdí, a ti ṣìnà.

Ìtàn náà ní ṣókí

Kí ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ìparí rẹ̀ fo abala yìí. Bákan náà, fíìmù náà kò yẹ fún ọmọdé, àwọn ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tó le fún àgbà pàápàá.

Jesse, tí Elle Fanning ṣe, jẹ́ ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Los Angeles láti wá ṣe iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì. Kò ní òbí mọ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó fẹ́ máa bá a wá iṣẹ́ ní kó máa sọ fún àwọn ènìyàn pé ọmọ ọdún 19 ni òun. Ruby, tí Jena Malone ṣe, ló ń kun ojú fún àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ó sì tún ń kun ojú fún òkú ní ilé ìgbókùúsí. Gigi àti Sarah ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà jù Jesse lọ. Gigi ti jẹ́ kí àwọn dókítà tún ara òun ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n níbi tí Jesse bá wọlé sí, ojú gbogbo ènìyàn yóò kúrò lára àwọn méjèèjì. Níkẹyìn, àwọn obìnrin mẹ́ta yìí pa Jesse, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ara Gigi kò gbà á. Ó bi ẹyinjú Jesse jáde, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Sarah mú ẹyinjú náà, ó gbé e mì, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Gbólóhùn ìmọ̀lára: òǹwòran di àbọ̀

Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, tí òǹwòran lè sọ lẹ́yìn fíìmù:

(1) Ẹ̀rù bà mí.
(2) Ẹnu yà mí.
(3) Inú bí mi.
(4) Ó sú mi.
(5) Ó rí mi lára.

Ta ni olùwà nínú wọn? Nínú (1) sí (3), ẹ̀rù, ẹnu àti inú ni olùwà. Nínú (4) àti (5), ohun tí a wò ni. Kò sí ibi tí òǹwòran ti jẹ́ olùwà. Àbọ̀ ni òun: òun ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí. Bí a bá fẹ́ dárúkọ fíìmù náà nínú (1) sí (3), ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ rèé:

(6) Fíìmù náà bà mí lẹ́rù.
(7) Fíìmù náà yà mí lẹ́nu.
(8) Fíìmù náà bí mi nínú.

Fíìmù gba ipò olùwà, ẹ̀rù, ẹnu àti inú sún sí ìparí gbólóhùn, wọ́n sì tẹ̀ lé "ní". Ṣùgbọ́n "mí" kò kúrò níbi tó wà. Ohun gbogbo lè yí padà, òǹwòran kò ní yé jẹ́ àbọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Mo bẹ̀rù ńkọ́?" Òótọ́ ni, níbẹ̀ "mo" ni olùwà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní "Mo bẹ̀rù fíìmù yẹn" ń sọ ìhà tó kọ sí i: kò fẹ́ sún mọ́ ọn, bóyá kò tíì wò ó rárá. Ẹni tó wò ó tán, tí àyà rẹ̀ já, "Ẹ̀rù bà mí" ni yóò sọ. Àpẹẹrẹ yìí kò ba àlàyé wa jẹ́, ṣe ló gbè é lẹ́sẹ̀.

Kí wá ni irú gbólóhùn yìí ń sọ nípa fíìmù? Díẹ̀ péré. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. N kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹ̀rù kò bà á. Àti pé iṣẹ́ fíìmù abanilẹ́rù ni láti ba ènìyàn lẹ́rù. "Ẹ̀rù bà mí" lè jẹ́ ìyìn tó ga jù lọ tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lè gbà. "Ó rí mi lára" náà lè jẹ́ ohun tí olùdarí ń wá. Níbi tí Ruby ti ń fọwọ́ kan òkú lọ́nà tí kò yẹ, n kò rò pé Refn ń retí kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Gbólóhùn ìdájọ́: òǹwòran pòórá

Ẹ wá wo ìwọ̀nyí:

(9) Fíìmù náà dára.
(10) Fíìmù náà kò dára.
(11) Fíìmù náà kò nítumọ̀.

Níbí, fíìmù ni olùwà, òǹwòran kò sì jẹ́ àbọ̀ nínú ìkankan wọn. Òǹwòran ti pòórá. Ẹni tó sọ (10) ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń sọ bí fíìmù náà ṣe rí, yálà ẹnìkan wò ó tàbí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Irú gbólóhùn yìí la lè bá ènìyàn jiyàn lé lórí, nítorí náà, ó nílò ẹ̀rí.

Ọ̀pọ̀ awuyewuye lórí The Neon Demon ló bẹ̀rẹ̀ níbi tí ènìyàn ti sọ (5), tó sì fò sí (10): "Ó rí mi lára, nítorí náà kò dára." Kò sí afárá láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, afárá náà kò ṣòro láti kọ́. Àwọn kan kọ́ ọ. Wọ́n ní fíìmù náà ń bá àwọn tó ń fi ara ọmọbìnrin ṣòwò wí, síbẹ̀ kámẹ́rà tirẹ̀ gan-an ń wo ara ọmọbìnrin bí àwọn ayafótò inú rẹ̀ ṣe ń wò ó. Ẹ ò rí i pé èyí ti di ohun tí a lè gbé yẹ̀ wò? Ẹlòmíràn lè fèsì pé obìnrin ni méjì nínú àwọn mẹ́ta tó kọ ìtàn náà, ìyẹn Mary Laws àti Polly Stenham, àti pé obìnrin, Natasha Braier, ló ṣàkóso kámẹ́rà. Ẹni àkọ́kọ́ lè fèsì pé ẹni tó mú kámẹ́rà dání kọ́ ni òun ń sọ, ohun tí kámẹ́rà ń ṣe ni. Iyàn gidi nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí híhó.

Ìfò kejì: láti "dùn-ún wò" sí "dára"

Kí ẹ má rò pé àwọn tó hó nìkan ló fò. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ náà fò. Ó dájú pé fíìmù náà dùn-ún wò. Refn ti sọ pé ojú òun kì í rí àwọn àwọ̀ kan dáadáa, nítorí náà àwọ̀ tó mú ojú ló fẹ́ràn láti máa lò: pupa tó ń tàn, búlúù tó jìn. Orin tí Cliff Martinez ṣe fún un gba ẹ̀bùn fún orin fíìmù ní Cannes. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí èyí, wọ́n sì parí èrò síbẹ̀: "Ó dùn-ún wò, nítorí náà ó dára."

Níbí, èdè wa gan-an kò ràn wá lọ́wọ́. "Dára" jẹ́ ọ̀rọ̀ pọ́n-na. Bí mo bá ní "Ọmọ yẹn dára", ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ni mo ń sọ ni tàbí ìwà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀: "Ó dára lójú, kò dára níwà." Àwọn àgbà tó ní ìwà lẹwà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè ṣini lọ́nà, wọn ì bá má ní ìdí láti sọ ọ́ bí kì í bá ṣe pé ènìyàn tètè ń fi ọ̀kan pe èkejì.

Ìfò yìí kan náà ni àwọn ènìyàn inú fíìmù ń fò. Ọ̀gá aránṣọ kan nínú rẹ̀ sọ pé ẹwà nìkan ni ohun tó wà. Ó sì sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn Jesse pé bí kì í bá ṣe ẹwà rẹ̀, òun náà kì bá tí dúró wò ó. Lójú wọn, ohun tó dùn-ún wò ti dára, kò sì sí ohun mìíràn láti béèrè. Fíìmù náà fi ìyẹn ẹ̀wọ̀n mú àwa náà. Àwòrán tó ṣí i ni Jesse tó na ara sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú aṣọ tó ń dán, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. A rò pé òkú ni. A tún rò pé àwòrán náà dára. Lẹ́yìn náà la mọ̀ pé fọ́tò ni wọ́n ń yà. Kí fíìmù tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, àwa náà ti wo òkú ọmọ ọdún 16, a sì ti yìn ín.

Olùwà kì í ṣe olùṣe

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣì kù: "wù". "Jesse wu Ruby." Jesse ni olùwà, Ruby ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Jesse ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo wa la kọ́ ọ ní ọdún kìíní pé olùwà gbólóhùn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tó ṣe nǹkan. Òótọ́ ni pé Jesse bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga nígbà tó yá, tó ń fi ẹnu ko àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí. Síbẹ̀, wíwù tó wu Ruby kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Jesse kọ̀ fún un, Ruby hùwà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Àṣìṣe yìí kò mọ sínú fíìmù. A máa ń gbọ́ ọ láàárín ara wa lórí ọmọbìnrin tí wọ́n yọ lẹ́nu: "Òun ló wọ irú aṣọ yẹn." Ẹni tí nǹkan wù ló yẹ kí a bi léèrè ohun tó ṣe.

Lójú mi

Báwo la ṣe lè dá òǹwòran padà sínú gbólóhùn ìdájọ́? Yorùbá ní ọ̀nà kan tó rọrùn: "Fíìmù náà kò dára lójú mi." Àpólà kékeré yẹn, "lójú mi", fi hàn pé ẹnìkan ló ń wò, ibì kan ló sì dúró sí tó fi ń wò. Ojú tí à ń sọ yìí náà ni ẹ̀yà ara tí a fi ń wo nǹkan. Òun náà tún ni iwájú orí wa tí àwọn ẹlòmíràn ń wò. Mo ń rántí èyí nígbà tí mo tún fíìmù náà wò, tí ẹyinjú Jesse sì jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń wo ojú Jesse. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ó sú mi nígbà àkọ́kọ́, n kò sì kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Àwọn ibì kan ṣì fà jù lójú mi. Ṣùgbọ́n mo ti fi "Ó sú mi" dá fíìmù náà lẹ́jọ́ kí n tó ronú, ìyẹn ni mo sì yí padà.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ẹ̀yin òǹkàwé, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde: ẹ mú fíìmù kan tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Kí kálukú yín kọ gbólóhùn mẹ́ta. Ẹ fàlà sí abẹ́ olùwà, kí ẹ wá ibi tí ẹ̀yin fúnra yín wà nínú gbólóhùn náà. Bí ẹ bá jẹ́ àbọ̀, ẹ gbọ́ ara yín, kí ẹ má jiyàn. Bí ẹ bá ti pòórá, ẹ fi "lójú mi" kún un, kí ẹ wá sọ "nítorí pé". Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iyàn yín.