Ta Ló Rí Dátà Náà? Ojúṣe Àwọn Tó Ń Gbé Ìwádìí Jáde Nínú Jọ́nà

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Tí ẹ bá gbọ́ pé "ìwádìí fi hàn pé báyìí báyìí", inú jọ́nà ló ti sábà máa ń wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí sí i pé òótọ́ ni?

Ọwọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí wà. Òǹkọ̀wé á ṣe ìwádìí, á sì kọ ọ́. Olóòtú á gbà á, á fi ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò, ìyẹn àwọn onímọ̀ mìíràn nínú ẹ̀ka kan náà. Àwọn yẹn á kà á, wọ́n á bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè, olóòtú á wá pinnu bóyá kó jáde. Ẹ kíyè sí nǹkan kan o: ìwé ni olùyẹ̀wò sábà máa ń rí, kì í ṣe dátà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà máa ń gbà wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, The Lancet, jọ́nà ìṣègùn tó lórúkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní àwọn yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 96,032 wò láti ilé ìwòsàn 671, àti pé àwọn tó lo chloroquine tàbí hydroxychloroquine ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Surgisphere, ló ní òun kó dátà náà jọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sórí ìwé. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé àwọn ti dá ìdánwò hydroxychloroquine dúró ná.

Àwọn onímọ̀ bá fi ojú ìṣirò wò ó, kò bára mu. Ìwé náà ka òkú 73 ní ilé ìwòsàn márùn-ún ní Australia. Bẹ́ẹ̀ 67 ni òkú tí wọ́n tíì kà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà lákòókò yẹn! Kò sì dárúkọ ilé ìwòsàn kankan. Ó lé ní 100 onímọ̀ tó fọwọ́ sí lẹ́tà ìbéèrè.

Òǹkọ̀wé mẹ́rin ló kọ ìwé náà. Ọ̀gá Surgisphere jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù ní kí àwọn ará ìta yẹ dátà náà wò, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn, ìyẹn ni pé wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e mọ́. WHO ti ní kí ìdánwò máa bá a lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí oògùn náà ò kúkú ṣiṣẹ́?" Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, RECOVERY, ìdánwò ńlá kan ní Britain, kéde pé kò dín ikú kù láàárín àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò tó lè fún wa ní ìdáhùn tòótọ́ yìí gan-an ni ìwé Lancet jẹ́ kí WHO dá dúró.

Ojúṣe kálukú

Òǹkọ̀wé: má fi orúkọ rẹ sórí dátà tí o ò rí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, The Lancet sọ ọ́ di òfin pé ó gbọ́dọ̀ ju òǹkọ̀wé kan lọ tó fojú ara wọn rí dátà, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Olùyẹ̀wò: tí nǹkan ò bá yé ọ, sọ ọ́. Tí iṣẹ́ náà bá ju ìmọ̀ rẹ lọ, tàbí tí òǹkọ̀wé bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, yáa sọ fún olóòtú.

Olóòtú: má jẹ́ kí ìkánjú tàbí orúkọ ńlá bò ọ́ lójú. Tí àṣìṣe bá hàn, tètè fa ìwé sẹ́yìn. Fífà á sẹ́yìn kọ́ ni ìtìjú. Fífi í sílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tó ń ṣe máástà àti PhD, lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á ní kí ẹ wá fi orúkọ yín kún ìwé. Kí ẹ tó ní "ó dáa", ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: "Dátà náà dà? Ṣé mo lè rí i?"

Ó dìgbà kan ná.